Ìsinmi Ìgbà Òjò Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, tí wọ́n bá ti pín rìpọ́ọ̀tù káàdì tán, ìgbésí ayé ilé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń yí padà. Láti ìgbà náà títí wọ oṣù Kẹsàn-án, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní sí wàhálà yúnífọ́ọ̀mù àti oúnjẹ ilé ìwé láàárọ̀ kùtù. Inú àwọn ọmọ a máa dùn. Inú òbí náà a máa dùn, àmọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n á fi máa bi ara wọn pé kí ni ká fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe báyìí. Ní Ìbàdàn níbí, ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni lẹ́sìn: kí ọmọ ọdún mẹ́rin tún gbé báàgì kọ́rùn lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, kó lọ máa ka ohun tó ti kà. Èkejì ni tẹlifíṣàn, tàbí fóònù ìyá rẹ̀. Mi ò bá òbí tó ń ti àárọ̀ ṣiṣẹ́ dalẹ́ wí o. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó máa bójú tó ọmọ, lẹ́sìn a máa gbani. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà tí kò náni lówó púpọ̀, tó sì bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lára mu ju méjèèjì lọ. Òun ni pé kí ẹ mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ wo ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ọjọ́ púpọ̀ fi ohun tó rí ṣeré nílé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọmọ kékeré kì í gbádùn nǹkan tán lójú ẹsẹ̀. Ó lè wo ẹranko kan fún ìṣẹ́jú méjì péré, kó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, kó ní kí wọ́n pọn òun, kí òbí sì máa rò pé owó ọkọ̀ ti ṣòfò. Ẹ fara balẹ̀ di ọ̀la. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ óò bá a lábẹ́ tábìlì, tó ń bú ramúramù, tí àbúrò rẹ̀ ń ju búrẹ́dì sí i. Inú eré yẹn ni ìgbádùn náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìjáde mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún gbogbo ìsinmi, bí a bá fàyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ìdílé tó ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn lójoojúmọ́ ń gbé ẹrù tuntun lé ọmọ lórí kó tó sọ ti àná kalẹ̀.

Ìsinmi tiwa yìí kò dà bí ti ìlú Òyìnbó tó ń bọ́ sígbà ooru, tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Àárín òjò ni tiwa bọ́ sí. Lágbègbè wa níbí, òjò máa ń rọ̀ kíkankíkan ní oṣù Kẹfà, á sì tún padà wá tagbáratagbára ní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, láti ìparí oṣù Keje wọ inú oṣù Kẹjọ, òjò ńlá á ti sún lọ sí Òkè Ọya, tiwa á wá dín kù. Ojú ọ̀run á ṣú, oòrùn á fara pamọ́, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, òjò winniwinni á máa wá, á máa lọ. Fún ẹni tó fẹ́ mú ọmọ ọdún mẹ́ta rìn, mi ò mọ àsìkò tó sàn ju èyí lọ nínú ọdún. Ooru kì í mú un, àpáta kì í jó o lẹ́sẹ̀, kò sì sí eruku ọyẹ́. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ẹ tètè jáde lọ. Bí ẹ bá kúrò nílé laago méje àárọ̀, tí ẹ sì ti ń darí bọ̀ laago méjìlá, òjò ọ̀sán kì í sábà ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ọmọ á sì ti sùn lọ fọnfọn nínú ọkọ̀ kí ẹ tó délé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Layípo, nítorí pé àárín ìgboro ló wà, ìwọ̀nba ọmọ Ìbàdàn ló sì ti gùn ún. Ilé ìṣọ́ gogoro ni, tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní ọdún 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Résídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń lọ́ yípo yípo títí dé òkè, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ béèrè bóyá wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ mú àwọn ọmọ síwájú, kí àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn wọn, kí ẹ jọ máa ka àtẹ̀gùn náà sókè lédè Yorùbá. Títí dé ẹẹ́rìnlélógójì, wọ́n á máa fayọ̀ pariwo lé e. Tó bá wá kan aárùndínláàádọ́ta, tí kíkà yí padà lójijì, ọmọ ọdún mẹ́fà á dúró, á wojú yín. Ẹ sọ fún un pé àádọ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ohun tó kù ká tó débẹ̀ là ń kà báyìí: ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta. Ibi tó ti ku mẹ́ta yẹn gan-an ni àtẹ̀gùn parí sí, tí afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ sí wọn lójú.

Lókè níbẹ̀, ẹ má tètè máa sọ̀tàn. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Páànù tó ti dógùn-ún ló tẹ́ rẹrẹ láti ìsàlẹ̀ lọ títí, páànù lórí páànù, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ á béèrè pé, "Ilé wa dà?" Ìbéèrè náà dára ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Ẹ jọ wá Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ẹ wá Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tó parí ní 1965. Láti ara àwọn ilé ńlá wọ̀nyí ni ẹ ti lè máa nawọ́ sí apá ibi tí àdúgbò yín wà. Ìwọ̀nba ìtàn tí ọmọ lè gbé lọ sílé kò ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá délé, ẹ fi agolo mílíìkì tó ṣófo sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Wọ́n á tò ó ga, á wó, wọ́n á tún un tò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò ní sí àtẹ̀gùn kan nílé àwọn ará, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, tí wọn ò ní kà.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní 1948 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kó ẹranko díẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 1974 ló tó di ọgbà ẹranko ní kíkún. Àṣìṣe tí mò ń rí níbẹ̀ láàárín àwọn òbí ni pé wọ́n fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti sanwó. Wọ́n á máa fa ọmọ lọ́wọ́, "Wá wo kìnnìún! Ó yá, wá wo ògòǹgò!" títí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ẹ kúkú jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ẹranko kan láti ilé. Ẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ èyí tí ó yàn, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ ẹ̀pà yín, kí ọmọ wò ó títí á fi sú u. Èyí tí ẹ bá wá rí lójú ọ̀nà, èènì ni.

Èmi a máa gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n má fo ìjàpá. Ọmọ Yorùbá ti gbọ́ orúkọ Ìjàpá nínú àlọ́ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ó mọ̀ ọ́n bí alágàbàgebè, olójúkòkòrò, ọkọ Yánníbo. Ìgbà tó bá wá rí i lójúkojú, tí kò sọ̀rọ̀, tó rọra ń fi ẹnu gígan já ewé jẹ, tó fa orí wọnú bí òjìji èèyàn bá kọjá lára rẹ̀, ojú ọmọ náà á yí padà. Mo ti rí ọmọdébìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Lálẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pa àlọ́ fún un, ìbéèrè tó máa bèèrè ti kọjá èyí tó ń bèèrè tẹ́lẹ̀: báwo ni ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn ṣe gun ọ̀pẹ? Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ṣé ìgbà yẹn ló fọ́?

Ọgbà Àgọ́dì náà dára, pàápàá fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kàn fẹ́ sáré lórí koríko. Jangirọ́fà wà níbẹ̀, igi ńlá wà, omi náà wà tí ẹ óò máa ṣọ́ ọmọ nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nínú ilé, ẹ mú wọn dání lọ síbẹ̀, kí wọ́n sọ nípa ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí omíyalé gbá ilé àti ènìyàn lọ, tó sì wọ ọgbà náà gbé ẹranko lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Ìbàdàn ló lè nawọ́ síbi tí omi dé lára ògiri ilé wọn.

Ìjáde tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ojú irin náà sì gùn tó kìlómítà 157. Ní Mọ́níyà, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, ni ẹ óò ti wọ̀ ọ́. Ẹ má bá a dé Èkó. Ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ibùdó tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ìrìn náà ju wákàtí kan lọ díẹ̀ ni, ó sì mọ níwọ̀n fún ọmọ kékeré: ó gùn tó láti gbádùn, kò gùn débi tí yóò fi sú u. Ẹ wo àsìkò ọkọ̀ àlọ àti ti àbọ̀ dáadáa ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì tètè dé ibùdó, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í dúró de ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wá bàtà. Ẹ fi ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igbó á máa sá sẹ́yìn, oko ẹ̀gẹ́, àkùrọ̀, ẹnì kan tó ń ju ọwọ́ láti inú oko, màlúù tó gbójú sókè. Fún ọmọ tó jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló mọ ìrìnàjò mọ́, ohun ìyanu ni kí nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ máa lọ láìsí họ́ọ̀nù, láìsí kòtò.

Ní Abẹ́òkúta, ó dájú pé Olúmọ ni ẹ óò lọ. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830. Òkè rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun. Àtẹ̀gùn wà, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹ má fagídí mú ọmọ dé góńgó. Abẹ́ àpáta tí àwọn èèyàn gbé, níbi tí ẹ ti lè rí ojú ọlọ tí wọ́n ń lọ nǹkan lórí àpáta, ti tó. Ẹ jẹ́ kó wọ abẹ́ rẹ̀, kó jókòó, kó fọwọ́ kan òkúta tútù náà. Ẹ bi í pé tó bá jẹ́ òun ni ogun lé débí, kí ni òun ì bá gbé dání.

Eré tó máa ń tẹ̀ lé ìrìnàjò yìí nílé lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gbogbo àga ilé á di ọkọ̀ ojú irin, èyí tó wà níwájú á jẹ́ ti awakọ̀. Wọ́n á gé páálí bisikíìtì ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n á máa kígbe, "Mọ́níyà! Ó ku Mọ́níyà!", àbúrò tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa á máa já tíkẹ́ẹ̀tì sí wẹ́wẹ́. Bàbá tó bá ti ibi iṣẹ́ dé á ní láti sanwó kó tó lè jókòó nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ẹ san án. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tò àga padà nítorí àlejò, ẹ fún wọn ní ibi tí ọkọ̀ á dúró sí, kí wọ́n lè padà sínú rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tó lẹ́wà tí mo rò pé ó yẹ kí a fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà sí i, pàápàá nígbà òjò. Omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìpele méje, máa ń kún nígbà yìí, òkúta rẹ̀ á sì máa yọ̀ gan-an. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè ju ẹgbẹ̀ta lọ; bàbá tó bá gbé ọmọ gùn ún kò ní rí nǹkan kan bí kò ṣe òógùn ara rẹ̀. Etíkun Èkó ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ìgbì rẹ̀ le, kò sì yẹ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ní ti Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 yẹ kí ọmọ Yorùbá rí, àmọ́ ọjọ́ ọdún tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kẹjọ kì í ṣe ọjọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta: èrò pọ̀ jù. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ibẹ̀ dákẹ́, kí ọmọ lè gbọ́ ohùn omi àti ti ọ̀bọ lórí igi.

Ìmúrasílẹ̀ kò le. Oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ gbé: móínmóín ewé, ẹ̀kọ, dùndú tí ẹ dín láàárọ̀, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tó pọ̀. Ọjọ́ ìjáde kọ́ ni ọjọ́ tí à ń fi oúnjẹ tuntun wo inú ọmọ. Aṣọ ìpààrọ̀ méjì, nítorí òjò àti nítorí omi tó máa dà sí wọn lára. Aṣọ òtútù kan. Ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí, kí ẹ fi pín-ìn-nì há a sínú àpò ọmọ; kí ẹ sì kọ́ ọmọ tó ti gbọ́n pé tí òun kò bá rí yín mọ́, kó dúró sójú kan, kó má wá yín kiri, kó pe ìyá mìíràn tó gbé ọmọ dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kódà bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún wọn, kí wọ́n fi sùn. Tí ẹ bá sì rí ìyá alágbàdo lójú ọ̀nà nígbà àbọ̀, ẹ dúró. Àsìkò àgbàdo tútù lèyí, ti sísè àti ti sísun, pẹ̀lú àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyeyè ti ń pọ́n, àsálà ti délẹ̀, iṣu tuntun ti ń wọ ọjà.

Ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ìsinmi, ilé ni ẹ óò wà. Iṣẹ́ tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbígbin tẹ̀tẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n ìsinmi bá ìwọ̀n rẹ̀ mu rẹ́gí: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó fà. Bàsíà tó ti bàjẹ́ tó, tí ẹ dá ihò díẹ̀ sí nídìí kí omi lè máa ṣàn jáde. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré, ó dúdú, ó ń dán. Bí ọmọ bá fọ́n ọn lásán, sójú kan ni gbogbo rẹ̀ á dà sí. Ẹ po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe, kí ọmọ wá máa fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n iyọ̀. Ẹ fi ìṣó lu ìdí agolo kan kó di ohun ìbomirin, kí omi má baà gbá hóró jọ. Ní bí ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á yọjú, ọmọ á sáré wá pè yín láti orí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni yóò mọ̀ pé tata ń jẹ ẹ̀fọ́, pé èyí tó pọ̀ jù lójú kan kì í ga, pé à ń já díẹ̀ kí ìyókù lè ráyè mí. Ọjọ́ tí ẹ bá fà á, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń fi ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tẹ́lẹ̀ á fẹ́ mọ ẹni tó jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ òun.

Òjò ọ̀sán ni ti ọkọ̀ agolo. Agolo sàdíìnì ni ara rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó fi òòlù lu etí agolo náà palẹ̀ kó má baà ge ọmọ lọ́wọ́, kó sì fi ìṣó lu ihò mẹ́rin sí i, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, kí wọ́n kọjú síra. Ọmọ ló máa ti igi súyà bọ inú ihò láti apá kan yọ sí apá kejì. Ọmọrí ike omi mẹ́rin ni táyà. Nígbà kékeré wa, sálúbàtà onírọ́bà tó ti já là ń gé róbótó. Tí ihò agolo bá fún mọ́ igi jù, táyà kò ní yí, ọkọ̀ á kàn máa wọ́ nílẹ̀ ni. Tí ihò bá fẹ̀ ju igi lọ díẹ̀, á máa yí geere. Ẹ má sáré tún un ṣe fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kó fa èyí tó ń wọ́, kó fa èyí tó ń yí, kó gbé méjèèjì sókè wo ìdí wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fúnra rẹ̀ rí ohun tó fà á, ìdùnnú ojú rẹ̀ nígbà tó bá rí i sì ju ti ọkọ̀ tí a rà lọ́jà lọ.

Ayò náà ń bẹ. Ẹni tí kò ní ọpọ́n, kó gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, kí ọmọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méjìdínláàádọ́ta, kó pín in ní mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọ kékeré kò ní mọ ayò ta, ṣùgbọ́n pípín yẹn nìkan ti tó eré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ọmọ ayò àti òkúta má wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, nítorí ẹnu ló ń gbé gbogbo nǹkan lọ.

Inú ilé ìdáná, ẹ̀wà móínmóín ni kí ẹ fún wọn bó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú agbada, kí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Eèpo á máa léfòó, ẹ̀wà á rì, wọ́n á máa da eèpo náà nù, omi á sì rin wọ́n dé àyà. Ó máa pẹ́ ju ìgbà tí ẹ bá dá a ṣe lọ, ilẹ̀ á sì tutù. Ẹ jẹ́ kó tutù.

Tí iná bá lọ lálẹ́, ẹ má sáré wá jẹnẹrétọ̀. Àsìkò àlọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi ohun tí wọ́n rí lọ́sẹ̀ náà pa àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó gun Layípo lè pa á pé, "Mo wọ ilé kan, mo yí, mo yí, òrùlé ni mo ti jáde." Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin lè ní, "Ó gbé wa mì ní Mọ́níyà, kò jẹ wá, ó pọ̀ wá sí Abẹ́òkúta." Àlọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin lè má lórí, kó má nídìí; ẹ rò ó, ẹ gbìyànjú, kí ẹ ní ó ti borí yín.

Ní ti tẹlifíṣàn àti fóònù, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2019 pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa jókòó tì í, pé ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, àti pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin máa fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ sáré, kó fò, kó gùn. Ilé tí ọkọ̀ ojú irin ti wà ní pálọ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wákàtí mẹ́ta náà.

Àsìkò yìí náà ni àwọn ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kó ọmọ wálé, torí pé ìparí oṣù Keje ni ilé ìwé tiwọn náà ń padé. Ẹ má kó àwọn àlejò kékeré yẹn kiri ilé ìtajà olówó ńlá. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fún wọn ní agolo, ẹ fún wọn ní àgbàdo láti bó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọmọ yín ṣe bojúbojú. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá á ti mọ ibi tí wọ́n ní kó sá pamọ́ sí kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ má jáde lọ síbì kankan mọ́. Àsìkò oorun ni iṣẹ́ tó kù. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nílò wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́tàlá lójúmọ́, tí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn, àmọ́ ìsinmi ti sọ aago mẹ́wàá alẹ́ di àsìkò eré. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ fà á sẹ́yìn lálaalẹ́, kí ẹ sì máa jí wọn díẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ti àná, títí ẹ óò fi débi tí ẹ ń lọ. Yúnífọ́ọ̀mù náà, ẹ tètè wọ̀ ọ́ fún wọn wò, nítorí ọmọ a máa ga láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí télọ̀ tó máa ráyè yín lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìwọlé.